Aṣọ Adájọ́, Aṣọ Òkú

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo iṣẹ́ yìí, tí ẹ ń wo tọ̀hún, tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ ó mú, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni. Òun ni mo fi ṣe ọmọge, òun ni mo fi ṣe ìyàwó, òun ni mo fi tọ́ ọmọ, ìdí rẹ̀ náà ni irun mi sì funfun sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ aránṣọ kò ní ìtàn nínú, ẹ ní kí ó wá bá mi ní Niamey.

Sùwébátù ni orúkọ mi. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Niamey kí wọ́n tó bí mi. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, Zarma là ń sọ níta, Faransé ni olùkọ́ fi ń nà wá ní ilé-ìwé. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ aṣọ rírán, bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Sùwébá, àwa là ń ta aṣọ. Àwọn ẹlòmíràn ló ń rán an. Ta ni yóò wá jókòó ti ìsọ̀ fún mi?"

Ìyá mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Alàájì, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àjàṣẹ́ ni wọ́n mú mi lọ. Obìnrin Pọtonófò ni, ìlú tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, ó sì ti rán aṣọ fún àwọn ìyàwó òyìnbó kí Niger tó gba òmìnira. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A kò gbọdọ̀ jẹ obì ní ìsọ̀ rẹ̀, nítorí àbàwọ́n. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tí a kò fọ̀ kan aṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́? Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó kàn án. Ojú bọ́tìnnì ni mo ń ṣe sára àkísà, ojú bọ́tìnnì lórí ojú bọ́tìnnì, títí mo fi ń lá àlá rẹ̀. Bí mo bá gbé e fún un, yóò nà án sí ìmọ́lẹ̀, yóò yí i padà, yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀, yóò wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ju orúkọ wa lọ:

"Tú u."

Kì í pariwo. Kì í lù wá. Ìbá tilẹ̀ sàn kó lù wá.

Lọ́jọ́ kan, mo rán kaba fún ìyàwó olùkọ́ kan tó ń lọ síbi ìgbéyàwó lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó ń yí po níwájú dígí, inú rẹ̀ ń dùn. Ìyá Àjàṣẹ́ sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan tọ́ ọrùn kaba náà.

"Tú u."

"Háà, Màdáámù!" ni oníbàárà wí. "Ìgbéyàwó ni mò ń lọ. Aṣọ yìí dára fún mi bẹ́ẹ̀!"

"Ó lè dára fún ẹ̀yin. Kò tíì dára fún mi. Ẹ wọ òmíràn lọ."

Mo ń tú u, mo ń sunkún. Nígbà tí ẹkún dá, ọ̀gá mi jókòó tì mí. Ó ní, "Sùwébá, ojú ènìyàn lè má rí i. Aṣọ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun kò gún." Mo rò nígbà náà pé ìkà ni. Ìgbà tí èmi náà di ọ̀gá ni mo tó mọ̀ pé ogún ló ń pín fún mi.

Kí n tó gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ṣọ́jà ti gba ìjọba, owó yuraníọ́mù tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ sì ti ń ṣàn wá láti Arlit nínú aṣálẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Niamey yí padà lójú wa. Ibi tí ewúrẹ́ ti ń jẹko lánàá, ilé alájà ti débẹ̀. Àwọn ìyàwó ọ̀gá ń dá aṣọ bí ẹni tí wọ́n ní ọ̀la kò sí. Lára ohun tí owó náà mú wá ni tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa rán aṣọ àwọn òṣèré. Mo lọ, wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kò pọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́, kò sì kéré débi tí mo lè kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Olùdarí eré wa ni Mùsíọ̀ Ìdé, ọmọ Zarma kan báyìí, ọkùnrin kúkúrú tí sìgá kì í kú lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ronú kan eré tó sọ gbogbo wa di olókìkí. Ẹjọ́ Hawa ni à ń pè é. Inú ilé-ẹjọ́ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹjọ́ tuntun: ẹni tó jí màlúù, ẹni tó sẹ́ ọmọ, ẹni tó lé ìyàwó jáde láìnídìí. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tó máa ń dúró sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́rìí. Òun ni Hawa. Ó ti kú. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló tì í sódò nítorí oko ẹ̀fọ́ etí omi. Kò sẹ́ni tó ń rí i àfi adájọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ òtítọ́, Hawa á dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá fẹnu kan irọ́, omi odò á bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ara aṣọ rẹ̀, tó, tó, tó, etí adájọ́ á sì gbọ́. Síbẹ̀, adájọ́ kò lè sọ ní gbangba pé òkú ló ta òun lólobó. Àfi kó máa da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí náà títí irọ́ yóò fi tú. Àwa Yorùbá ì bá pe Hawa ní àkúdàáyà.

Bùbákà ló ń ṣe adájọ́. Olùkọ́ ilé-ìwé ni tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè mi òrùlé. Ramatu, ọmọ Harobanda ní òdìkejì afárá, ló ń ṣe Hawa. Kò níláti sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ńlá méjèèjì ti tó.

Aṣọ òkú náà fojú mi rí màbo. Mo kọ́kọ́ rán an ní funfun báláú. Ramatu wọ̀ ọ́ dé abẹ́ iná, Mùsíọ̀ Ìdé sì kígbe láti ẹ̀yìn kámẹ́rà: "Sùwébá! Òkú rẹ ń tàn bí oòrùn! Mi ò rí ojú rẹ̀ mọ́!" Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn kò fẹ́ràn funfun. Mo se tíì dúdú kíkan, irú èyí tí àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ ń mu, mo rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀, ó jáde ní àwọ̀ eyín àgbàlagbà. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ó funfun ju ẹ̀gbọ̀n òwú lọ.

Omi ló tún kù. Súlé, ọkọ Ramatu, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Arlit, yọ sí wa ní sítúdíò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ da omi sí ìyàwó mi lára kí gbogbo ìlú máa wò ó. Kò lè ṣeé ṣe."

Mùsíọ̀ Ìdé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó fún mi láyè. Mo lọ fi aṣọ tó nípọn gbé inú kaba náà, mo sì fi ọ̀já kékeré fa abẹ́ rẹ̀ kúrò lára, kó má baà lẹ̀. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo ránṣẹ́ pe Súlé. Mo fa korobá omi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ dà á sí i fúnra yín, kí ẹ rí i."

Ó dà á láti orí. Ó yí Ramatu po, ó ń wò. Aṣọ kò lẹ̀, ara kò hàn. Ó ní, "Ẹ bu omi mìíràn wá."

Ramatu ń gbọ̀n. Ó ní, "Súlé, ṣé ó ti tó, àbí o fẹ́ kí n kú lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Bí ọkùnrin náà ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó ń polówó eré wa lójú ọ̀nà Arlit tó o.

Ẹ wá wo Niamey! Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní tẹlifíṣọ̀n, ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wò ó, lórí ẹní, tàgbà tèwe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹjọ́ gidi lọ bá Bùbákà nílé. "Alkaali," ìyẹn adájọ́, ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ju kó kọ́ ọmọdé ní ìṣirò lọ. Ti Ramatu ló dùn jù. Bó bá wọ ọjà, ẹlẹ́ran á yára gbé òòṣùwọ̀n gidi jáde. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Sùwébá, láti ìgbà tí mo ti kú, ọjà ti rọ̀ mí lọ́rùn."

Àsìkò yẹn ni opó kan wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Kàdí ni orúkọ rẹ̀, ó ń gbin sàláàdì àti ewé míntì ní àdúgbò Gamkalley, létí odò. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ sì ti gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní olóògbé ti tà á fún òun. Kò sí ẹlẹ́rìí. Kàdí fẹ́ kí Hawa bá òun sọ̀rọ̀.

Mùsíọ̀ Ìdé mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Eré ni. Ènìyàn ni Ramatu, ó ń jẹ, ó ń mu."

Kàdí wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé. "Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni kò mọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, mo rí i tó fi etí ìborí nu ojú. Mùsíọ̀ Ìdé kò ṣèlérí kankan. Ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́ ìlú nínú eré, àwọn ṣọ́jà á ti ilé mọ́ òun lórí. Kò purọ́. A kì í ṣeré pẹ̀lú ìjọba ayé ìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti iná.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ya apá ìkẹyìn, níbi tí ẹjọ́ Hawa fúnra rẹ̀ yóò ti dé iwájú adájọ́, wáyà gbiná lára ògiri yàrá aṣọ. Mo lọ jẹun ni. Ìgbà tí mo fi padà, èéfín ti gba ẹnu ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó fara pa, Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n aṣọ jóná: aṣọ Hawa, aṣọ àwọn lọ́yà, aṣọ pupa tí adájọ́ ń wọ̀ dá ẹjọ́ apànìyàn, ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tí mo fẹ́ràn jù lọ. Mo dúró láàárín eérú náà.

Mùsíọ̀ Ìdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà tó ń bojú tó wa ti kéde pé ọjọ́ Jímọ̀ ni eré náà yóò jáde. Ó ní, "Bí kò bá jáde, wọn ò ní jẹ́ ká ṣe òmíràn mọ́. Sùwébá, ó ti parí."

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ẹ dìde."

Mo gba ilé adájọ́ gidi kan lọ ní àdúgbò Koira Kano. Oníbàárà mi ni ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sábẹ́ igi, ó gbọ́ mi parí, ó bínú.

"Aṣọ ìjọba ni ẹ fẹ́ fi ṣeré? Ẹ̀yin tí adájọ́ yín ń fi òòlù lu tábìlì? Níbo ni wọ́n ti ń lu tábìlì nílé-ẹjọ́ wa? Òkú ń jẹ́rìí! Òfin kò mọ òkú, Màdáámù. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ ọ́ fún ìyàwó mi."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì ń wò ó."

Mo rí àyè wọlé. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, nígbà náà ẹ bá aṣọ yín wá. Ẹ jókòó ti aṣọ, kí ẹ sì tọ́ wa sọ́nà." Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wá ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n aṣọ òun kò ní kúrò lójú òun.

Láti ibẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Àjàṣẹ́. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àfọwọ́yí rẹ̀ àtijọ́ ṣì ń dún bí ìgbà ọ̀dọ́. Òun ń yí i, èmi ń darí aṣọ. A rán aṣọ Hawa látòwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí a parí, ó fi àtàǹpàkò tọ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Omi yóò máa kán níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kò gún. Tú u."

Mo wo oòrùn, mo wo ojú rẹ̀. Kí ni n bá ṣe? Mo tú u. A tún un rán, a ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge méjì.

Lọ́jọ́ tí a yà á, adájọ́ gidi gbé aṣọ pupa rẹ̀ wá lápá bí ọmọ tuntun. Ó wọ̀ ọ́ fún Bùbákà fúnra rẹ̀, ó já òòlù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá gbé àga ti ilẹ̀kùn tí a tì pa, ó jókòó. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn Ramatu, ìgò omi lọ́wọ́, pínnì lẹ́nu. Apànìyàn dúró níwájú adájọ́, ó ń búra. Omi ń kán. Hawa gbé ọwọ́ sókè, ó nà án sí i.

Gbogbo iná sítúdíò kú pi.

Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Òkùnkùn biribiri. Nínú òkùnkùn náà, ohùn obìnrin kan sọ ní Zarma, kò yára, kò pariwo: "Ìwọ tí o gba oko opó ní Gamkalley, mo ń wò ọ́. Dá a padà."

Òṣèré tó ń ṣe apànìyàn ké "Wáyyó!", ó sì sá lọ forí sọ tábìlì lọ́yà. Kí wọ́n tó tún iná tàn, gbogbo wa ti ń pe Ọlọ́run ní èdè oríṣiríṣi.

"Ramatu," ni Mùsíọ̀ Ìdé wí, "ta ní kí o sọ bẹ́ẹ̀?"

Ojú Ramatu ti tóbi ju ti eré lọ. "Èmi kọ́. Mo rò pé Sùwébá ni."

Mo nawọ́ sí ẹnu mi. Pínnì kún inú rẹ̀. Mi ò lè kí ènìyàn, ká má tíì sọ ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa yíjú sí adájọ́ gidi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Gẹ́gẹ́ bí adájọ́," ó ní, "mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó mí díẹ̀. "Gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá mi, mo gbọ́ ọ."

Kámẹ́rà kò kú, iná nìkan ló kú. Ohùn náà wà nínú téèpù, ó ṣe ketekete. Mùsíọ̀ Ìdé gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó tan sìgá mìíràn. Ó ní, "Bí àwọn ṣọ́jà bá bi mí, màá ní òkú ló sọ ọ́, mi ò lè mú un wá. Mi ò ní gé e."

Ó jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn ṣọ́jà kò bi wá ní nǹkan kan. Wọ́n ní ariwo àwọn ìyàwó wọn kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kàdí dé pẹ̀lú agbọ̀n sàláàdì lórí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti kó àwọn àgbà àdúgbò wá bá a, ó dá oko padà, ó ní òun kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n dárúkọ oko náà sí òun létí mọ́.

"Mo ní kí ẹ bá mi sọ ọ́," ni Kàdí wí, "ẹ sì bá mi sọ ọ́. Ọlọ́run yóò sọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin náà níbi tí ẹnu yín kò bá tó."

A wo ara wa. Ta ni yóò sọ fún un pé kì í ṣe àwa? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ẹnu ẹni yòówù kó gbà jáde. Lẹ́yìn iná náà, wọ́n kọ́ yàrá aṣọ tuntun fún wa, ó ní fèrèsé, ó ní àga tó yí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ayé kò dúró sójú kan. Iye tí wọ́n ń ra yuraníọ́mù já wálẹ̀, owó eré sì bá a lọ. Eré òkèèrè gba ojú tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn òṣèré rẹ̀ wọ aṣọ tí ẹnì kan rán níbòmíràn. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère dé, tíì dúdú mi kò wúlò mọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbá etí aṣọ fúnra rẹ̀ dé, èmi náà rà á, mi ò purọ́, ó dùn ún lò. Aṣọ òkìrìkà dé, ó gba oníbàárà. Kọ̀ǹpútà ti wá ń ya iṣẹ́ ọnà sára agbádá báyìí. Mo kọ́ ọmọ iṣẹ́ lórí gbogbo rẹ̀, mo sì ń kọ́ wọn ní ojú bọ́tìnnì lọ́wọ́ kí n tó fún wọn ní ẹ̀rọ oníná. Wọ́n ń pè mí ní ìkà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ fún yín kò ju èyí lọ: ẹ yan iṣẹ́ tí ẹ lè tú palẹ̀, kí ẹ tún un ṣe, láìkórìíra rẹ̀.

Èmi àti Ramatu ṣì ń rí ara wa. Láìpẹ́ yìí, a jọ wọ takisí láti ọjà, à ń lọ sílé rẹ̀ ní Harobanda. Ọmọkùnrin tó ń wakọ̀ kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Bó ṣe kù díẹ̀ ká dé afárá, ó ní wọ́n ti dí ọ̀nà, àfi ká gba ibòmíràn yí po. Ramatu sún síwájú. Ó kàn tẹjú mọ́ ọn nínú dígí.

Ọmọ náà họrí. Ó tún họrí. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin màmá," ó ní. "Wọn kò dí ọ̀nà. Mo fẹ́ yà gbé ọ̀rẹ́ mi ni. Bí ẹ ṣe ń wò mí yẹn ló rán mi létí ìyá mi. Bí a bá ti purọ́ ní kékeré, á ní, 'Rọra o, Hawa wà lẹ́yìn rẹ.'"

"Hawa wo nìyẹn?" ni mo bi í.

"Wọ́n ní obìnrin kan ni ní Gamkalley láyé àtijọ́. Omi ló gbé e. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

Ramatu gbójú sí odò. "Òótọ́ ni," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ọmọ náà yíjú sí mi nínú dígí, bóyá n ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà mọ̀ ọ́n," ni mo wí. "Èmi ni mo máa ń rán aṣọ fún un."

Ó gba orí afárá lọ tààrà, kò yà síbì kankan títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.